Ológbò yín ti sanra jù? Ẹ má febi pa á o, bẹ́ ẹ ṣe máa dín ọ̀rá rẹ̀ kù rèé

Nílùú Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lágbègbè Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, torí eku ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń sin ológbò. Ibi tí àgbàdo àti gàrí bá wà, eku ò ní í jìnnà síbẹ̀. Ológbò bẹ́ẹ̀ ń sáré, ó ń fò, ó ń ṣọ́dẹ lóru, kò ráyè sanra. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí fúláàtì l'Óṣogbo tàbí l'Ékòó, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa da oúnjẹ sí abọ́ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Iṣẹ́ ti tán, oúnjẹ sì ti pọ̀ sí i. Kó tó pẹ́, ikùn á ti máa wọ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé ológbò tó sanra ń gbádùn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rá àpọ̀jù lè fa àtọ̀gbẹ fún ológbò bó ṣe ń fà á fún èèyàn. Oríkèé á máa ro ó, kò sì ní í lè fi ahọ́n tún ẹ̀yìn ara rẹ̀ ṣe mọ́. Ní Australia, ológbò kan tó ń jẹ́ Himmy wọn kílò 21.3 kó tó kú lọ́dún 1986. Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ wọ́n padà pa irú ìdíje bẹ́ẹ̀ tì, káwọn èèyàn má baà máa rọ oúnjẹ sẹ́ran wọn lẹ́nu torí òkìkí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀

Ẹ fi ìka yín ra eegun ìhà rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ní láti tẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ eegun náà lára, ó ti sanra. Ẹ wò ó látòkè nígbà tó bá dúró: ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ fún wọlé díẹ̀. Tó bá rí róbótó bí àgbá, ọ̀rọ̀ ti wà ńbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wọ̀n ọ́n náà. Ẹ gbé e dání, kẹ́ ẹ gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gùn ún lẹ́yin nìkan, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ológbò ilé kì í ju kílò mẹ́rin sí márùn-ún lọ.

Àmọ́ o, ikùn ńlá nìkan kọ́ ni sísanra. Ó lè lóyún, aràn sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ẹ má febi pa á

Ibi tí àṣìṣe ti ń pa ológbò rèé. Ẹ má sọ pé “ẹ jẹ́ kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, á fọn.” Tí ológbò tó sanra ò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá ara rẹ̀ lè ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, kí ẹ̀dọ̀ náà má ṣiṣẹ́ mọ́. Ojú àti ẹran ìdí eyín rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, á máa bì, ó sì lè kú.

Díẹ̀díẹ̀ ni ká ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó má fọn ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ kílò mẹ́fà, gíráàmù 60 sí 120 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó fi kílò kan àtààbọ̀ sílẹ̀, ó lè gba oṣù mẹ́fà. Ẹ ní sùúrù.

Oúnjẹ rẹ̀

• Ẹ lo ife kan náà láti fi wọn oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má fi abọ́ sílẹ̀ ní kíkún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.
• Ẹ dín in kù díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó tún un dín.
• Ẹran ni ológbò ń jẹ. Ẹja bíbọ̀ tí kò légungun àti adìyẹ tẹ́ ẹ ti bó awọ rẹ̀ dáa ju ẹ̀bà, ìrẹsì àti Indomie lọ.
• Ẹja àti adìyẹ nìkan ò tó o. Ológbò nílò taurine, àìtó rẹ̀ lè fọ́ ọ lójú, kó sì ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ó wà nínú oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń tà. Ẹ má fi oúnjẹ ajá rọ́pò rẹ̀.
• Ẹ má fún un lọ́bẹ̀ tó ní àlùbọ́sà, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Wàrà ń ṣu ọ̀pọ̀ àgbà ológbò nígbẹ̀ẹ́ gbuuru. Omi ló dáa.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dá a padà

Ẹ so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, kẹ́ ẹ máa fà á nílẹ̀ kó máa lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́, ó tó. Tẹ́ ẹ bá ṣeré tán, ẹ kó okùn náà pa mọ́ kó má gbé e mì. Ẹ tún lè pín oúnjẹ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ilé, kó máa wá a kiri bí ẹni ń ṣọdẹ. Tó bá ń jáde, ẹ ṣọ́ májèlé eku: ológbò tó jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè bá a lọ.

Àwọn ará ilé ńkọ́?

Ẹ̀yin ń wọn oúnjẹ, bùrọ̀dá ń ju ẹran sí i, mọ́mì ń fi orí ẹja Títù ṣe é lálejò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì yan ẹnì kan ṣoṣo tí á máa bọ́ ọ. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti jẹun,” ó tán.

Ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sáré

Tí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tàbí tó ń mu omi tó sì ń tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó bá sún mọ́ yín. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ilé ìwòsàn ẹranko.

Ẹ̀yin lẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀yin náà lẹ ń bu oúnjẹ fún un. Kò lè dín in kù fúnra rẹ̀. Ọwọ́ yín ló wà.