Abo Màlúù Tí A Dá Sí

Nígbà tí a bá ń ṣe ìnáwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí àwọn àlejò máa ń bi ara wọn ni pé: “Màlúù mélòó ni wọ́n pa?” Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, ẹgbọrọ ni tàbí arúgbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, inú ìbéèrè yìí ni ọjọ́ ọ̀la ẹran wa wà.

Erékùṣù wa kì í ṣe ilẹ̀ tí a ti ń sin ọ̀wọ́ màlúù. Eṣinṣin tsetse inú igbó a máa kó àrùn ran màlúù oníké. Ẹranlá kúkúrú ilẹ̀ wa, tí àwọn Haúsá ń pè ní muturu, ń fara dà á, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó láti bọ́ ìlú ńlá. Nítorí náà ni a fi ń wojú Òkè Ọya. Ẹsẹ̀ ni àwọn màlúù kọ́kọ́ fi ń rìn wá. Ní 1901, rélùwéè tí ó ti Èkó lọ dé Ìbàdàn. Ní 1912, ọ̀nà irin Èkó àti ti Kánò di ọ̀kan, màlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ ojú irin wá.

Fúlàní darandaran kì í ṣàdédé ta ẹran. Abo tí ó ń bímọ déédéé, tí ọmọ rẹ̀ ń yè, tí wàrà rẹ̀ sì pọ̀, òun ni ó ń dá sí. Akọ tí ó ṣẹ́kù, abo tí ó yàgàn, àti èyí tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀, ni ó ń tà.

Ọgbọ́n yìí ni ó gba agbo là. Ní nǹkan bí 1890, àjàkálẹ̀ àrùn rinderpest run màlúù káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lára ìwọ̀nba abo tí ó kù ni agbo ti tún pọ̀ sí i. Ní 1924 a dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì. Ní 2011 a sì kéde pé àrùn náà ti parẹ́ ní gbogbo ayé.

Ó ṣeni láàánú pé ohun tí abẹ́rẹ́ àjẹsára gbà là, ọ̀bẹ ń pa á. Àwọn oníṣègùn ẹran ń rí ọmọ nínú abo tí a pa ní ọ̀pọ̀ ilé ìpẹran ilẹ̀ wa. Àìlówó ń mú kí olówó ẹran tà á. Alápatà sì ń rà á nítorí pé ó sanra. Oyún màlúù a máa tó oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ẹni tí ó pa aboyún pa méjì.

Ẹ̀yin ará ilé, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra màlúù ìnáwó, ẹ béèrè akọ tàbí abo tí kò bímọ mọ́. Bí ó bá jẹ́ abo, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn ẹran yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dá a dùbúlẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá se èbù iṣu rẹ̀ jẹ kò ní rí nǹkan gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀.