Sọ́fítíwia Ọ̀fẹ́: Ṣé O Lè Fi Pawó?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ máa ń bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, kóòdù tí mo rí lórí GitHub yìí, ṣé mo lè fi ṣòwò?" Èsì mi kì í yàtọ̀: láísẹ́ńsì, ìyẹn ìwé àṣẹ tó wà lára rẹ̀, ló máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Apache Fineract. Ilé ìfowópamọ́ kéékèèké lè fi tọ́jú àkáǹtì oníbàárà àti owó tí wọ́n yá èèyàn. Láísẹ́ńsì rẹ̀ ni Apache 2.0. Bó o bá tún un ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan ní Rẹ́mọ, o lè tà á, kò sì pọn dandan kó o fi kóòdù tìrẹ han ẹnikẹ́ni.

Àwọn láísẹ́ńsì tó lawọ́ jù nìyí:

MIT (Laravel, React): fi orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì náà sílẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀dà. Ó parí.

BSD (Django, Flutter): ó jọ MIT, àmọ́ má fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ polówó ọjà rẹ láìgbàṣẹ.

Apache 2.0: fi ẹ̀dà láísẹ́ńsì kún un, sọ fáìlì tó o yí padà, má sì yọ fáìlì NOTICE bó bá ní. Ó fún ọ ní ẹ̀tọ́ lórí pátẹ́ǹtì àwọn tó kọ ọ́ pẹ̀lú.

GPL, tí WordPress ń lò, yàtọ̀. O lè tà á o, ṣùgbọ́n ẹni tó o bá tà á fún gbọ́dọ̀ rí kóòdù rẹ̀ gbà, títí kan àtúnṣe tìrẹ.

Èyí tí kò ní láísẹ́ńsì rárá ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bó ṣe dáàbò bo ìwé. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ṣì ní aláṣọ.

Ibi tó le jù rèé: kò sí ìkankan nínú MIT, BSD àti Apache tó ṣe onídùúró fún ọ. Bí áàpù bá ṣi owó ìyá alájà kan kà, àwọn tó kọ kóòdù náà lọ́fẹ̀ẹ́ ti yọwọ́ wọn. Ìwọ tó o tà á ni ẹgbẹ́ máa wá bá.

Nítorí náà, kó o tó gba àsansílẹ̀, ṣí fáìlì LICENSE, ti àwọn ohun tí kóòdù náà gbára lé pẹ̀lú. Kọ ẹni tó máa ṣàtúnṣe àti ẹni tó máa san gbèsè sínú àdéhùn.