Irin, Eruku àti Àrùn Gbígbọ̀n

Ní ọdún 1817, dókítà kan tí ń jẹ́ James Parkinson, ará Hoxton ní ìlú London, kọ ìwé kékeré kan nípa ènìyàn mẹ́fà tí ara wọn ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì gbọ́ tiwọn mọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn, ojú títì lásán ni ó ti rí wọn. Kò mọ ohun tí ó fa àrùn náà.

Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1837, John Couper kọ̀wé láti Glasgow nípa òṣìṣẹ́ márùn-ún tí ń lọ òkúta mángáníìsì kúnná fún iṣẹ́ ẹ̀tù tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa eruku rẹ̀ símú. Ẹsẹ̀ wọn di aláìlágbára, ohùn wọn rẹlẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ rìn, ńṣe ni ara wọn ń tì wọ́n síwájú bí ẹni tí yóò ṣubú. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n, nítorí náà àrùn méjèèjì jọra ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Síbẹ̀ Couper ti fi hàn pé ohun tí a wà láti inú ilẹ̀ lè ba ìrìn ènìyàn jẹ́.

Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí ó dúdú lójú. Ní 1919, Tretiakoff fi hàn ní Paris pé ibẹ̀ gan-an ni àrùn Parkinson ń bàjẹ́. Ní 1960, Ehringer àti Hornykiewicz ní Vienna rí i pé dópámìnì, èròjà tí apá dúdú yìí fi ń ránṣẹ́ sí ibi tí ń darí ìrìn, ti dín kù jọjọ. George Cotzias, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọ̀ràn àwọn awakùsà mángáníìsì ní Chile gbà lọ́kàn, fi hàn ní 1967 pé dópà, tí ara fi ń ṣe dópámìnì, lè mú kí aláìsàn tún rìn, bí a bá ń fi díẹ̀díẹ̀ bù kún un títí yóò fi pọ̀. (Dópà yìí kan náà wà nínú hóró wèrèpè tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń sá fún nínú igbó.)

Ti irin ni ó ṣòro jù. Láti 1924 ni Lhermitte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irin tí ó pọ̀jù nínú ọpọlọ ẹni tí ó ní àrùn náà. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ìṣó sínú omi han kíláàsì rẹ̀ mọ bí irin àti ọ́síjìn ti ń pàdé di ìpáàrà. Nǹkan tí ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó yára jù ú lọ, ni a ń bẹ̀rù nínú ọpọlọ. Bí dópámìnì bá ń túká, háídrójìn pẹ́rọ́síàìdì a máa jáde. Irin a sì sọ ọ́ di ohun líle tí ń ba gbogbo ohun tí ó bá fara kàn jẹ́. Fenton ti kọ̀wé nípa agbára irin àti háídrójìn pẹ́rọ́síàìdì yìí ní 1894, láìronú kan ọpọlọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á fa irin náà jáde, ni àwọn kan wí. Àbá náà dùn létí. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 372 tí kò tíì lo dópà: apá kan lo deferiprone tí ń fa irin, apá kejì lo oògùn àfarawé. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Irin dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lo deferiprone ni àìsàn wọn le jù. Láàrin ọ̀sẹ̀ 36, 22 nínú 100 wọn ni àìsàn sún débi pé wọ́n níláti bẹ̀rẹ̀ oògùn dópámìnì. Ti apá kejì kò pé 3. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé èròjà tí ń bá ara ṣe dópámìnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí irin: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni ó tún ń dáná fún gbogbo ilé.

Títí di òní, dópà ni oògùn tí a gbójú lé jù. Ó ń ran ìrìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dá ìbàjẹ́ apá dúdú náà dúró.