Àgbò Orí Pẹpẹ, Ewúrẹ́ Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn kan gbà pé ẹran ọ̀sìn ẹ̀yìnkùlé kò ju ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ìtàn ìlú Ọ̀wọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Lórí pẹpẹ àwọn baba ńlá nílé àwọn olóyè ibẹ̀, wọn a máa gbé orí àgbò onígi sí, èyí tí wọ́n ń pè ní osanmasinmi. Nínú òmíràn, ojú ènìyàn ni ó ru ìwo àgbò. Àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Làjà ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1971, tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, fi hàn pé ẹbọ ti jinlẹ̀ nílùú náà. Ẹran tí ó jókòó lójúbọ baba ẹni ti kúrò ní ẹran jíjẹ lásán.

Ẹnìkan lè sọ pé ère kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n sin ẹran nílé. Ṣebí a lè ra àgbò lọ́wọ́ ará Òkè Ọya. Òótọ́ ni, ère nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewúrẹ́ kúkúrú tí ń rìn kiri ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran màlúù ńlá nínú igbó kì í tètè mú un balẹ̀. Irú ara líle bẹ́ẹ̀ kì í dé lọ́jọ́ kan. Ìran lẹ́yìn ìran ló ń kó o jọ. Àṣà ọ̀sìn náà tún ń jẹ́rìí: a fún aládùúgbò ní abo ewúrẹ́ sìn, bí ó bá bímọ, a pín ọmọ. Ohun tí a ń fi dá àjọṣe sílẹ̀ báyìí, ọrọ̀ ni.