Ta ni yóò ṣọ́ igbó ọba?

Ẹni tó bá ti sùn ní Sango rí á mọ ariwo ọkọ̀ gẹdú lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ tó ru ìtì igi máa ń kọjá, láìní iná ẹ̀yìn, ó dorí kọ Èkó. Láìpẹ́ yìí la bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wa pé ta ló yẹ kó wà nínú igbó nígbà tí wọ́n ń gé e.

Ojú irin ló so Ọ̀tà mọ́ ìtàn yìí. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la á láti Èkó. Ó gba Ọ̀tà, ó gba Abẹ́òkúta, ó wọ Ìbàdàn ní 1901. Ní 1899, wọ́n ti fi ààlà sí igbó kan ní Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn. Òun ni igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Igbó Ọmọ dé ní 1925, ó lé ní 1,300 kìlómítà níbùú lóròó.

Òfin kò nira láti kọ. Ẹni tí yóò máa fẹsẹ̀ rin ààlà yẹn lójoojúmọ́ ni wàhálà. H. N. Thompson, tó di ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ igbó ní 1903, ti ṣiṣẹ́ ní Burma tẹ́lẹ̀. Láti Burma náà ni ọgbọ́n kan ti wá lẹ́yìn náà, taungya lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á fún àgbẹ̀ nílẹ̀ nínú igbó ọba, á ṣán an, á gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tirẹ̀, á sì gbin igi ìjọba sáàárín, á máa ro méjèèjì pọ̀. Bí igi bá ti ga tó ń ṣíji bo oúnjẹ, àgbẹ̀ á kó lọ síbòmíràn. Àwọn ìwé wa ní àǹfààní tọ̀túntòsì ni. Lójú tiwa, ọ̀nà láti ní òṣìṣẹ́ láìsan owó oṣù ni.

Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta ní Olókèméjì. Lọ́dọọdún, wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun ìkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ti gbẹ fọ́nfọ́n, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan ìkẹta rárá. Nígbà tí Charter àti Keay gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960, ibi tí iná kò dé ti di igbó dídí. Ibi tí wọ́n ń sun gbẹ̀yìn, koríko ló gbà á, igi ò tó nǹkan. Orúkọ àwọn méjèèjì yìí la kọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í mọ ààlà. Àwọn lébìrà ló ń ro etí ilẹ̀ ìkẹta yẹn lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi ewé tútù lu iná pa, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. A ò kọ́ orúkọ ìkankan nínú wọn.

(Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó panápaná inú igbó tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ kúrò ní nǹkan bí dọ́là 13 ní wákàtí kan sí 15.)

Ìpínlẹ̀ Ògùn jogún àwọn igbó yìí nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976. Ní oṣù Ọ̀wàwà 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde ₦77,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Kò tó àpò ìrẹsì ńlá kan nígbà náà.

Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ṣe aṣọ́gbó. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ni wọ́n fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ra àdá. Tó bá pàdé àwọn agégẹdú, wọ́n á pé mẹ́jọ, òun á dá wà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde. Kò sí ọmọ rẹ̀ kankan tó gba iṣẹ́ náà. Méjì nínú wọn ń ṣe kásúà ní ilé iṣẹ́ kan níbí ní Sango, àdá bàbá sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Ìjokò.