Ẹ̀rọ Géèmù Tòkunbọ̀ àti Àwọn Tó Ń Wò Ó Sàn

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà kí ọjà máa pa iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọdé wà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tọ̀: ṣé kí bàbá ra ẹ̀rọ géèmù tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú páálí rẹ̀ ni, àbí kí ó ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò lókè òkun, tí ó bàjẹ́, tí a sì tún ṣe? Owó ní bí òun kò bá sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dámọ̀ràn lẹ́yìn òun. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi rí ọ̀nà mìíràn ju tòkunbọ̀ lọ, n kò sì bá wọn wí. Ohun tí ó ń ká mi lára ni pé a ń ra àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí láìmọ ìtàn wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí ó lórúkọ jù lọ nínú wọn kò ṣàìní àrùn tí a bí mọ́ ọn, àrùn tí ẹni tí ó bá mọ ọdún tí wọ́n ṣe é lè tọ́ka sí kí a tó tan iná sí i.

Ralph Baer, ọmọ Júù tí a bí ní ilẹ̀ Jámánì, tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ sá àsálà kúrò níwájú ìjọba Hitler ní ọdún 1938 tí wọ́n sì fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ni ó ronú pé tẹlifíṣọ̀n tí ó wà ní pálọ̀ lè di pápá ìṣeré. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó di Magnavox Odyssey, tí wọ́n gbé jáde fún títà ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ ìgbà náà ni eré rẹ̀ wà, tí kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Bí eré náà bá ti sú ọmọ, ẹ̀rọ ti di ẹrù àjà nìyẹn. Ẹni tí ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà, ènìyàn dúdú bí i tiwa ni. Jerry Lawson ni orúkọ rẹ̀, ọmọ New York, tí ó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ṣe láti ìgbà èwe, tí ó sì wá di olórí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ Channel F fún ilé iṣẹ́ Fairchild ní California ní ọdún 1976. Nínú ẹ̀rọ yìí ni eré ti kọ́kọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, tí ó bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì tí a lè yọ, tí a lè tà, tí a lè yá ọ̀rẹ́, tí a sì lè fi jogún. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ géèmù ti ní ìdí tí ó fi yẹ kí ó pẹ́ láyé ju eré kan ṣoṣo lọ, láti ọjọ́ náà náà sì ni títún un ṣe ti di iṣẹ́ tí ó lérè. Lawson kú ní ọdún 2011, mo sì rò pé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa ju bí ó ti wà lọ, nítorí oníṣẹ́ àtúnṣe ni kí ó tó di aṣẹ̀dá.

Ìwọ̀nba ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1983, ọjà géèmù dàrú pátápátá ní Amẹ́ríkà, débi pé ilé iṣẹ́ Atari kó ọjà tí kò tà lọ bò mọ́ inú ilẹ̀ ní Alamogordo ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí àwọn kan ti lọ hú u jáde ní 2014. Nígbà tí Nintendo ti ilẹ̀ Japan fẹ́ wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, ó mọ̀ pé orúkọ géèmù ti bàjẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà ó ya ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹ̀rọ fídíò: a ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, a ó ti kásẹ́ẹ̀tì sínú, a ó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ọgbọ́n tí ó fi tà nìyẹn, òun náà sì ni àrùn rẹ̀. Inú ihò náà ni eyín irin tín-ín-rín 72 wà, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti di ẹsẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì mú. Bí ọmọdé ti ń tì í, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, eyín náà a máa tẹ̀, a máa dẹ̀, títí ojú tẹlifíṣọ̀n yóò fi máa ṣẹ́jú wìrìwìrì láìgbé eré kankan jáde. Kí ni àwọn ọmọ ṣe? Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nintendo fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí omi tí ó wà nínú èémí ènìyàn a máa mú irin dípẹtà. Ìwòsàn gidi kan ṣoṣo ni ó wà, òun ni pé kí a yọ ọ̀wọ́ eyín àtijọ́ kúrò kí a sì fi tuntun sí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ tí a nù àti ẹ̀rọ tí a tún ṣe nìyí, ìyàtọ̀ náà kò sì tíì yí padà títí di òní.

Ní tiwa níhìn-ín, ọdún 1986 ni mo ka ìtàn yìí sí. Ọdún náà ni ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọjà tuntun láti òkè òkun sì bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ohun tí ènìyàn kò lè rà ní tuntun, wọ́n ń rà á ní àlòkù: ọkọ̀, fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n, títí tí ó fi kan géèmù. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ni ẹrù náà ń gúnlẹ̀ sí. Láti èbúté ni ó ti ń lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, lẹ́yìn náà sí òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, àdúgbò ilé gbígbé tí ó di ọjà kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀. Bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó níbi tí ó ti wá, àwọn oníṣẹ́ wa ní láti tún un bí kí ó tó lè gbé láàárín wa. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 240. Ẹni tí ó bá kì í bọ ojú iná tààrà, èéfín ni yóò fi dáhùn. Bí ó bá sì yè é, àwòrán dúdú òun funfun ni yóò máa gbé jáde lójú tẹlifíṣọ̀n wa, nítorí ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà pín àwọ̀ sínú àwòrán yàtọ̀ sí èyí tí a gbà nílẹ̀ wa. Tiransifọ́mà ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi bọ́ ọ, kì í ṣe àdúrà.

Ẹ̀rọ Sony ni ó gba ìgboro kan ní tiwa. PlayStation jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, PlayStation 2 sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹta ọdún 2000, èyí tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù 155 lọ káàkiri ayé, tí kò sì sí ẹ̀rọ géèmù ti inú ilé kankan tí ó tíì tà tó o. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti mọ̀ ọ́n: bẹ́ǹṣì méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, páàdì tí ọwọ́ ti pọ́n dán, bọ́ọ̀lù Winning Eleven, tí ẹni tí wọ́n bá gbá jù yóò dìde fún ẹni tí owó rẹ̀ kàn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù a sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Nínú PlayStation àkọ́kọ́, orí ojú irin oníke ni lẹ́ǹsì tí ń ka síídì ti ń rìn, wọ́n sì gbé e sí tòsí ibi tí iná ti ń wọlé. Ooru a máa jẹ oníke náà, lẹ́ǹsì a sì máa rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ẹ̀rọ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó tó lè ka síídì. Ẹni tí ó bá dojú ẹ̀rọ délẹ̀ kò wò ó sàn; lẹ́ǹsì tuntun ni ìwòsàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Xbox 360, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni Microsoft gbé e jáde, ọdún kan gbáko ṣáájú PlayStation 3, kò sì pẹ́ tí igbe fi ta: iná pupa mẹ́ta yóò ṣàdédé tàn yí bọ́tìnnì rẹ̀ ká, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2007 ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò máa tún èyíkéyìí tí àrùn náà bá mú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí a rà á, wọ́n sì ya owó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Nínú fíìmù ìtàn tí Microsoft ṣe ní ọdún 2021 ni àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ náà ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: nígbàkigbà tí a bá tan ẹ̀rọ, inú rẹ̀ a gbóná, bí a bá sì pa á, a tún tutù, ìgbóná òun ìtutù yìí ni ó sì ń la àwọn oríkèé kéékèèké tí ó so ọpọlọ ẹ̀rọ náà mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wá ro ti ilẹ̀ wa, níbi tí iná lè lọ kí ó sì dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín alẹ́ kan; bí àrùn yìí bá lè pa ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò ṣẹ́jú rí, kí ni kò ní í ṣe fún tiwa?

Ibí yìí ni ẹ̀tàn ti wọ iṣẹ́ àtúnṣe. Àwọn kan rí i pé bí a bá fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ọpọlọ náà, tàbí tí a tilẹ̀ fi tówẹ́ẹ̀lì wé ẹ̀rọ náà kí ooru ara rẹ̀ sè é, àwọn oríkèé tí ó là lè fara kan ara wọn, iná pupa yóò lọ, ẹ̀rọ yóò sì jí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ó lè jẹ́ oṣù kan, ó tún di òkú. Nígbà náà, ẹni tí ó tà á ti na owó rẹ̀ tán. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ọpọlọ tí oríkèé rẹ̀ bá ti là sínú, pípààrọ̀ ni, kì í ṣe yíyan. Láti ọdún 2010, nígbà tí Microsoft gbé èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jáde pẹ̀lú ọpọlọ tí wọ́n tún yà, ni àrùn náà ti fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀.

N kò sọ èyí láti ba iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ní Alábà àti Ìkẹjà jẹ́. Ní ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù tí ń wọ Èkó, tí wọ́n ní kọ̀nténà tí ń gúnlẹ̀ lóṣooṣù tó 500, tí àwọn oníṣòwò Ìkẹjà fúnra wọn sì sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lè jẹ́ pàǹtí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Láti inú pàǹtí yẹn, tí àwọn mìíràn fi orúkọ ọrẹ tì sí wa lọ́rùn, ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan ti ń ṣa ẹ̀yà ara jọ, tí wọ́n ń fi òkú mẹ́ta jí alààyè kan dìde. Ìmọ̀ ńlá ni. Ó tọ́ kí a máa san owó rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó kàn ń nu ara ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú páálí tuntun.

Àwọn tí ń ṣe géèmù, ní tiwọn, kò fẹ́ràn ọjà àlòkù rí. Ní Japan wọ́n pe àwọn tí ń ta eré àlòkù lẹ́jọ́ títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, tí ó dá àwọn olùtajà náà láre ní oṣù kẹrin ọdún 2002. Ní 2013 Microsoft kéde pé àwọn yóò fi okùn de eré àlòkù lórí Xbox One, ariwo àwọn oníbàárà ni ó sì mú kí wọ́n jẹ ọ̀rọ̀ náà padà ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ohun tí ẹjọ́ kò lè ṣe, ẹ̀rọ tí kò ní ojú síídì ti ń ṣe é báyìí: nígbà tí PlayStation 5 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, oríṣi méjì ni, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè gba síídì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni a ń bá ná ọjà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Èyí ni ìdájọ́ tèmi fún òbí tí ó ń ṣiyèméjì: ẹ ra PlayStation 4 tí a tún ṣe láìfòyà, bí ẹni tí ó tún un ṣe bá gbà láti ṣí ikùn rẹ̀ lójú yín, tí ó sọ ohun tí òun pààrọ̀, tí ó sì fún yín ní oṣù mẹ́ta láti dá a padà. Ẹ má ṣe ra Xbox 360 tí wọ́n ṣe ṣáájú 2010, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fún yín. Bí apá yín bá ká PlayStation 5, èyí tí ó ní ojú síídì ni kí ẹ mú, kí àwọn ọmọ yín lè yá ara wọn ní eré. Ẹ ní kí wọ́n fi iná àti íntánẹ́ẹ̀tì dán an wò níṣojú yín, nítorí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ lè ti lé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó. Kí ẹ tó san owó, ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ẹni tí ó tún un ṣe àti ẹ̀yà tí ó pààrọ̀ wà nínú rẹ̀ ní kíkọ.