Awọ Gbígbẹ Kò Ní Ohùn: William Swainson àti Àwọn Ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ẹyẹ ní ìlú Ìwó, odídẹrẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ júbà fún. A kì í ki Ìwó kí á má dárúkọ odò Ọbà àti odídẹrẹ́. Mo júbà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. William Swainson ni orúkọ rẹ̀. Onímọ̀ ẹyẹ ni, ayàwòrán ẹyẹ sì ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1837, ó kọ ìwé alápá méjì lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ya àwòrán wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí títí ó fi kú.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìjálá. A dé ibi tí ọ̀kín ti jẹ yọ, mo sì sọ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé atúmọ̀-èdè ti sọ fún èmi náà, pé ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peacock ni. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo kà á pé ilẹ̀ Índíà ni ẹyẹ yẹn ti wá. Ta ni ó gbé e wá fún àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọba ẹyẹ?” N kò rí èsì fọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹnu pe ọ̀kín, n kò sì lè nawọ́ sí i lórí igi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn àwọn tí ó fi ojú wo ẹyẹ.

1. Ìgbésí ayé Swainson

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 1789 ni a bí i ní Newington ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ni baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu ọmọ náà, nítorí náà ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè ní Liverpool. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ ẹ̀ka tí ń bójú tó oúnjẹ àti ẹrù àwọn ọmọ-ogun, ó sì ṣiṣẹ́ ní Malta àti Sicily. Ní 1816 ó wọkọ̀ lọ sí Brazil. Nígbà tí ó padà dé ní 1818, ẹgbàáwàá kòkòrò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kó bọ̀, pẹ̀lú awọ ẹyẹ tí ó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Ní 1820, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a mọ̀ sí Royal Society gbà á wọlé. Ó wà lára àwọn onímọ̀ ẹ̀dá tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán sórí òkúta fún ìtẹ̀wé, kí ó má baà sí ẹlòmíràn tí yóò tún ohun tí ojú tirẹ̀ rí yà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wá sí British Museum ní 1822 bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1835, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un. Ìwé kíkọ ni ó fi ń jẹun. Nígbà tí ó ṣe, ó kó lọ sí New Zealand, ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1841, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1855.

2. Ìwé ọdún 1837

Birds of Western Africa ni àkọlé ìwé náà. Ó jáde ní Edinburgh nínú ọ̀wọ́ ìwé tí William Jardine jẹ́ olóòtú rẹ̀. Swainson ya àwọn ẹyẹ náà, W. H. Lizars fín wọn sára irin. A sì fi ọwọ́ kun àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà. Àwòrán tí ó wà nínú apá kọ̀ọ̀kan lé ní ọgbọ̀n.

Kí ni Swainson ń wò nígbà tí ó ń yà wọ́n? Awọ gbígbẹ ni: ẹyẹ tí a pa, tí a bó, tí a fi òwú kì, tí a sì kó gba orí òkun lọ. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á fi í ṣẹ̀sín. Ojú rẹ̀ mú. Ẹyẹ tín-ín-rín kan wà tí ó máa ń kó ara wọn jọ sórí koríko etí ọ̀nà, tí wọn a máa jẹ èso rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, orí rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun. Swainson ni ó sọ ọ́ ní Spermestes cucullata nínú ìwé yìí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì ní èdè Látìnì ni “èyí tí ó dé ìborí.” Orúkọ náà ṣì wà títí di òní.

Ibi tí Swainson ti ṣìnà ni pé ó gba ìlànà kan tí Macleay dá sílẹ̀ gbọ́, pé márùn-ún márùn-ún ni a to gbogbo ẹ̀dá, ní agbo nínú agbo. Bí ẹyẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ó di dandan kí ó wá ìkarùn-ún. Àwọn onímọ̀ kò pẹ́ kọ ìlànà yìí sílẹ̀. Ó yẹ kí àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ fi èyí kọ́gbọ́n, nítorí àwa náà a máa gbé igbá tíọ́rì wá láti òkèèrè, a ó sì fẹ́ kí ewì àwọn baba wa kún un dandan.

3. Orúkọ àti ohùn

Ojú ni Swainson fi ń sọ ẹyẹ lórúkọ. Kò lè ṣe bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òkú ni ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn baba wa lo ojú, wọ́n sì lo etí. Igbe kowéè ni a fi mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì rí i sójú rí. Odídẹrẹ́ tí Linnaeus ti pè ní Psittacus erithacus ní 1758, àwa ń pè é ní Ayékòótọ́, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ó sì ń tú àṣírí ilé. Kò sí ẹni tí ó lè wo awọ gbígbẹ kí ó sọ ọ́ ní Ayékòótọ́.

Ní ọdún 1837 kan náà, Samuel Àjàyí Crowther ń ṣe olùkọ́ ní Sierra Leone, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ní 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Báyìí ni ọdún mẹ́fà péré ṣe wà láàárín ìwé tí ó ní àwòrán láìní orúkọ tiwa, àti ìwé tí ó ní ọ̀rọ̀ wa láìní àwòrán. Àwọn méjèèjì kò pàdé.

Ṣé àǹfààní wà nínú kí wọ́n pàdé? Ẹ wo àlùkò. Àwọn baba wa ní òun ni ó ni osùn, bí agbe ti ni aró, tí lékeléke sì ni ẹfun. Mo ti máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àfiwé lásán ni. Ní 1869, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Arthur Church, ṣàyẹ̀wò ìyẹ́ pupa apá àwọn ẹyẹ tí wọ́n jẹ́ ìdílé àlùkò. Ó rí i pé aró gidi ni àwọ̀ pupa náà, pé bàbà wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì ki ìyẹ́ náà bọ omi ọṣẹ, a máa ṣí. Àlùkò kun osùn lóòótọ́. Ohun tí mo pè ní àfiwé, ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ẹyẹ ni ó sọ ọ́.

4. Iṣẹ́ tí ó kù

Odídẹrẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni n ó fi parí ọ̀rọ̀. Ní 2016, ní ìpàdé tí ó wáyé ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tọwọ́ bọ àdéhùn CITES fi odídẹrẹ́ sínú ìsọ̀rí àwọn ẹ̀dá tí a kò gbọdọ̀ mú nínú igbó láti fi ṣòwò kárí ayé. Àwọn tí ń mú un tà sínú àgò ti pọ̀ jù, igbó sì ń tán. Ìkóódẹ ṣì wà lórí adé, oríkì ṣì wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti rí i tí ó ń fò?

Awọ ni Swainson rí, kò gbọ́ ohùn. Ohùn ni ó kù lọ́wọ́ tiwa. Bí a kò bá ṣọ́ra, a ó di ẹni tí ó ní oríkì láìní ẹni tí a ń kì. Èsì tí mo padà fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ni pé kí á jọ lọ bá àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ tí ó ti dàgbà, kí á mú ayàwòrán àti onímọ̀ ẹyẹ dání. Ìwé kan ni a ń kọ báyìí. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ẹyẹ, orúkọ tí ọdẹ pè é, ohùn rẹ̀, àti ibi tí ó ti jẹ yọ nínú ewì. Ẹ̀gà ni ó wà ní ojú ewé kìíní, nítorí òun ni a kọ́kọ́ gbọ́. A fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ọ̀kín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé tí ó lè nawọ́ sí i, kí ó jọ̀wọ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.